Ìgbànú Àgbáyé

Ìgbànú ni ohun tí a ń dè mọ́ ìbàdí. Nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, òun ni àmì ọ̀gá. Nígbà tí Dick Tiger na Gene Fullmer ní pápá ìṣeré Liberty, Ìbàdàn, ní August 1963, òun nìkan ni ayé mọ̀ ní ọ̀gá ìwọ̀n rẹ̀.

Lónìí, ẹgbẹ́ ńlá mẹ́rin ló ń fúnni ní ìgbànú "àgbáyé": WBA, WBC (1963), IBF (1983) àti WBO (1988). Kò sí èyí tó wà lábẹ́ èkejì. Yorùbá ní ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Nínú ẹ̀ṣẹ́, ọba mẹ́rin lè jẹ ní ìgbà kan náà nínú ìwọ̀n kan ṣoṣo.

Ní ìparí ọdún 2018, Anthony Joshua, ọmọ Ṣágámù, ní ìgbànú WBA, IBF àti WBO. Ti WBC ní ìwọ̀n kan náà wà lọ́wọ́ Deontay Wilder. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn jà rí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ẹnìkan gba ìgbànú àgbáyé, ẹ béèrè ẹgbẹ́ tó fún un. Ẹni tó bá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, bí Oleksandr Usyk ní May 2024, ni ọ̀gá tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀.