Ohun Tí Aáwọ̀ Pẹ̀lú Ọmọ Ń Ṣe Nínú Ara Òbí
Bí ọmọ bá pẹ́ kí ó tó wọlé lálẹ́, tí gbólóhùn asọ̀ sì bẹ́ sílẹ̀, ara òbí a máa gbaradì bí ẹni pé ewu dé. Èròjà adirẹnalíìnì, tí ó ń ti òkè kíndìnrín wá, yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn, tí í máa lù ní ìwọ̀n ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan nígbà ìsinmi, yóò sáré. Ìfúnpá yóò ga, iṣan yóò le. Ọmọ lè ti dákẹ́, kí àyà òbí ṣì máa lù kì-kì. A rọ ẹ̀yin òbí pé bí ẹ bá ti kẹ́fín àmì wọ̀nyí, ẹ jókòó, ẹ mí kanlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ tó fèsì tàbí kí ẹ tó mú pàṣán. Kí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru má ṣe fi oògùn rẹ̀ ṣeré.