Ẹ́ńjìnnì Lister àti Ọgbọ́n Àtitú Palẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní eéfín ni ìwà, rírú ní í rú. Bí ẹ́ńjìnnì tí ó ń yí ẹ̀rọ ata tàbí ẹ̀rọ gàrí bá ti ń gbó, eéfín ni í kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Èyí tí ó dúdú sọ pé epo pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Èyí tí ó ní àwọ̀ aró sọ pé ọ́ìlì ń gòkè lọ jóná pẹ̀lú epo. Ṣùgbọ́n eéfín kò lè tọ́ka sí ibi tí àrùn náà wà gan-an. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀.

Ìlú Augsburg ní ilẹ̀ Jámánì ni Rudolf Diesel ti mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ yanjú ní ọdún 1897. Kò sí iná tí wọ́n ń ṣá sí i. Písítìn ni ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sìlíńdà títí yóò fi gbóná débi pé epo tí wọ́n bá tú sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá rí ibi sá gbà, iṣẹ́ bàjẹ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1930, ilé iṣẹ́ R. A. Lister, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1867, gbé ẹ́ńjìnnì CS jáde. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí ó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi fìtílà yan lórí. Èyí ń dìde ní tútù. Sìlíńdà kan, kẹ̀kẹ́ irin ńlá méjì, agbára ẹṣin 5, ìyípo 600 ní ìṣẹ́jú kan. Ìlọra yẹn ni ẹ̀mí gígùn rẹ̀. Wọ́n tún ṣe ilẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́ àpótí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ọwọ́ lè dé bóòtù kíráńkì láìgbé ẹ́ńjìnnì kúrò lórí ìpìlẹ̀. Ó dà bí ẹni pé àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé ẹni tí yóò lò ó jìnnà sí ilé iṣẹ́.

Àtitú rẹ̀ ní ètò. Gbogbo ẹ̀yà ni wọ́n ń sàmì sí, kí olúkúlùkù lè padà sí ipò rẹ̀. Wọ́n á fa ọ́ìlì, wọ́n á fi ìka pa á wò: bí ó bá ń dán bí iyanrìn odò, irin ń jẹ irin nínú. Wọ́n á ṣí orí sìlíńdà; wọn kò gbọdọ̀ yára nu dúdú tí ó lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí ẹ̀rí ni. Bí fáàfù bá wà ní pípadé, wọ́n á da kẹrosíìnì sí ihò rẹ̀. Bí ó bá jò kọjá, ọ̀nà kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà sá nìyẹn.

Inú sìlíńdà ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Òkè rẹ̀ ni ó máa ń jẹ jù, níbi tí ooru ti pọ̀ tí ọ́ìlì sì ṣọ̀wọ́n. Bí èékánná bá kọ́ igun kan níbẹ̀, òpin ìrìn ríìngì nìyẹn, ríìngì tuntun tí ó bá sì gbá igun náà lè ṣẹ́. Ọ̀nà kan wà láti wọn ìjẹ náà tí kò náni lówó: kí wọ́n ti ríìngì kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀ sìlíńdà, kí wọ́n wọn àlàfo ẹnu rẹ̀, kí wọ́n tì í gòkè, kí wọ́n tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ méjèèjì, bí wọ́n bá fi 3.14 pín in, ni iye tí òkè fi fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ milimítà 1 túmọ̀ sí ìjẹ milimítà 0.32, nínú sìlíńdà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ milimítà 114.3 ní tuntun. Ẹni tí ó bá kàn sáré fi ríìngì tuntun sí irú rẹ̀ ti fi owó ẹlẹ́rọ ṣòfò. Eéfín aró yóò padà, àwọn tí ó ń gbé ẹ̀gẹ́ wá rin yóò sì ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Kíráńkì náà ń bẹ níbẹ̀. Apá kan ni agbára epo ti ń tẹ̀ ẹ́ jù, nítorí náà ó ń jẹ bí ẹyin, kì í ṣe róbótó. Ìhà méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti wọ̀n ọ́n.

Dursley dẹ́kun ṣíṣe CS ní àwọn ọdún 1980. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ní Rajkot, ní ìpínlẹ̀ Gujarat ní ilẹ̀ Íńdíà, ti ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọn fi ń wọ inú ti Gẹ̀ẹ́sì. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọlọ ní ilẹ̀ Yorùbá, ní ìlú tí iná mànàmáná kò dé àti ní ìlú tí ó dé tí kì í dúró. Àléébù kan máa ń bá àwọn ẹ̀dà náà wá: iyanrìn tí wọ́n fi da irin lè kù sínú àpótí wọn. Ṣíbí kékeré kan lábẹ́ apá písítìn ni ó ń ta ọ́ìlì káàkiri, ohun tí ó bá sì wà nínú ọ́ìlì ni yóò dé ojú mẹ́tà. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í yí ẹ̀dà tuntun lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan pẹ́rẹ́ kí ó tó tú u palẹ̀, kí ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kí ó sì fi ìka wá gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́.