Bàṣé bàbá mi: ìtàn ibodè wa lára ọkọ̀ 404 kan

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù wọ àgbàlá wa. Lẹ́yìn tó kí wa tán, kò wo ẹnikẹ́ni mọ́, ọkọ̀ ló ń wò. Ó ní òun yóò sanwó lójú ẹsẹ̀, òun á sì ti gbé e lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo sọ fún un pé ọkọ̀ náà kò kú, pé òun ni mo wà lọ sí ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní, “Tíṣà, èyí ti tó ọjọ́ orí bàbá àgbà mi.”

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Kùtọnù ti bá mi sọ tirẹ̀. Òun fẹ́ràn ọkọ̀ náà. Ó ní ká ha gbogbo ọ̀dà ara rẹ̀ dànù, ká jó irin tuntun mọ́ ọn, ká kùn ún ní pupa tó ń dán, ká ṣe àga tuntun sí i, ká wá máa fi gbé ìyàwó níbi ìgbéyàwó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, òun àti ọmọ onírin àlòkù yẹn, ohun kan náà ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ohun tó wà lára ọkọ̀ yìí, tí àwọn méjèèjì fẹ́ nù kúrò, ni mo fẹ́ kọ lónìí, nítorí ìtàn wa ni, kò sì sí nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ.

Oṣù Karùn-ún ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot gbé 404 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Pininfarina, àwọn ará Ítálì, ló ya bí ara rẹ̀ ṣe máa rí. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni Dahomey gba òmìnira. Ẹgbẹ́ ni ọkọ̀ yìí àti orílẹ̀-èdè wa. Ní 1967 ni bàṣé rẹ̀ jáde: iwájú 404 ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹrù, wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe egungun lé e, wọ́n sì da tapólì bò ó. Tapólì yẹn ni àwọn Faransé ń pè ní bâche, ibẹ̀ ni a ti rí orúkọ. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè é ní píkọ́ọ̀pù, kò burú.

Ẹni tó bá rò pé ọkọ̀ oníyẹ̀yẹ́ ni, kó lọ béèrè ní Kẹ́ńyà. Nínú ìdíje Safari tí wọ́n ń sá gba inú ẹrẹ̀ àti eruku Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, 404 ló gba ipò kìíní ní 1963, ó tún gbà á ní 1966, 1967 àti 1968. Ojú ọ̀nà tiwa kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwọn.

Lọ́dọ̀ wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọkọ̀ ojú irin ti wà tipẹ́ kí bàṣé tó dé. Ní 1936 ni irin náà dé Parakou. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í wọ oko. Ta ni yóò gbé iṣu kúrò ní Kaboua, ta ni yóò gbé gààrí àti kajú kúrò ní Bessé wá sí ọjà tàbí sí ibùdókọ̀? Orí làwọn ìyá wa fi ń rù ú, kẹ̀kẹ́ ológeere sì ń ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Bàṣé ló gba orí wọn lọ́wọ́ ẹrù. Ó ń gbé iṣu, ewúrẹ́, aláìsàn, òkú, àti ọlọ́pàá pàápàá.

Bàbá mi ra tirẹ̀ ní àlòkù lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Parakou, ní ìparí 1988. Àwọn tó ti dàgbà yóò rántí ìgbà yẹn. Owó oṣù kò wọlé, ìdaṣẹ́sílẹ̀ pọ̀ débi pé ọdún ilé-ìwé 1988 sí 1989 di ohun tí ìjọba pè ní année blanche, ọdún òfo. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi sunkún. Èmi, tó yẹ kí n wà ní kíláàsì CE2, inú ọkọ̀ ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Ohun tí mo kọ́ lọ́dún òfo yẹn ni orúkọ irin, orúkọ méjì méjì. Bùjí ni tiwa, pílọ́ọ̀gì ni ti Nàìjíríà. Kéè ni tiwa, sípánà ni tiwọn. Ọ̀gá mẹkaníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Patron, kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó sì dá gáràjì sílẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Bó bá ń bínú, orúkọ ti Nàìjíríà ló máa ń pè.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi lè pẹ́ tó báyìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di tuntun. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ara irin ńlá ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti gbẹ́ ihò tí písítìnnì ń gbà lọ tó ń gbà bọ̀. Bí ihò yẹn bá jẹ, ẹ̀rọ ńlá ni yóò tún un gbẹ́. Ti 404 kò rí bẹ́ẹ̀. Sílíńdà rẹ̀ mẹ́rin, inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ki ọ̀pá irin oníhò kan bọ̀, omi ló sì yí i ká. Chemise ni àwọn Faransé ń pè é, ẹ̀wù. Bí ẹ̀wù bá gbó, a bọ́ ọ, a wọ òmíràn. Abẹ́ igi máńgòrò ni Patron ti máa ń ṣe é, lórí àpò sìmẹ́ńtì.

Ẹ̀wù yìí ni ìtàn àkọ́kọ́ tó wà lára ọkọ̀ wa. Ní oṣù Kìíní ọdún 1994 ni wọ́n gé owó CFA sí méjì. Lánàá, 50 CFA ni faranki Faransé kan. Lọ́la, 100 ni. Bàbá mi ti ń tọ́jú owó fún chemise mẹ́rin láti Kùtọnù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, owó náà kò rà ju méjì lọ. Patron wá kọjá lọ sí Ìbàdàn, sí ọjà Gate, nítorí 404 pọ̀ ní Nàìjíríà, láti 1975 ni wọ́n sì ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí ohun èlò rẹ̀ fi wà káàkiri ọjà wọn. Ó ra méjì tó kù níbẹ̀. Ó ní kò yẹ ká ṣe bẹ́ẹ̀ o, pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ ká pààrọ̀ pọ̀, kí wọ́n lè ga dọ́gba. Ó fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ wọn, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń tú u, ó tún ń wọ̀n ọ́n, odindi ọjọ́ méjì. Méjì láti Faransé, méjì láti Ìbàdàn. Títí di òní, inú wọn ni písítìnnì ń gbà lọ tó ń gbà bọ̀. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì CM2 ní ohun tí dévaluation jẹ́, ọkọ̀ yìí ni mo máa ń mú wọn jáde lọ wò.

Ìtàn kejì wà níbi bíréèkì. Ní oṣù Kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ibodè. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni rọ́bà inú ẹ̀rọ bíréèkì wa bẹ̀rẹ̀ sí í jo. Àwọn kan ní ká gé rọ́bà táyà, ká fi dí i. Mo kọ̀. Mo lè fi wáyà so ilẹ̀kùn, mo lè fi agolo dí ihò ilẹ̀ ọkọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fi àdábọwọ́ sí bíréèkì, nítorí ọmọ ẹlòmíràn ló ń rìn lójú ọ̀nà. A gbé ọkọ̀ náà sórí búlọ́ọ̀kù. Ọkọ̀ tó bá dúró lásán a máa yára kú ju èyí tó ń rìn lọ. Nítorí náà mo fa epo inú rẹ̀ jáde, kó má baà di gọ́ọ̀mù. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, mo máa ń bọ́ bùjí, mo ń ro ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi manivelle yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò mọ manivelle: irin gígùn tí a máa ń kì bọ iwájú ọkọ̀ láti fi ọwọ́ ṣí i ni. Ní oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n ṣí ibodè. Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹni kan láti Ṣakí mú rọ́bà wá fún mi, nínú àpò ṣòkòtò. Ọkọ̀ náà gbà ní ìyí kẹta. Ìyàwó mi sáré jáde nínú ilé ìdáná, ó rò pé àlejò ló dé.

Ìtàn kẹta, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n: kpayo. Epo láti Nàìjíríà ni bàṣé mu dàgbà, nínú ìgò. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àmọ́ kì í ṣe iye owó nìkan ni wàhálà kpayo. Omi máa ń wà nínú rẹ̀, erùpẹ̀ náà máa ń wà, ihò inú kábúrétọ̀ sì kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Mo máa ń fi aṣọ funfun méjì sẹ́ ẹ, mo ń jẹ́ kó silẹ̀ mọ́jú, n kì í sì í da ti ìsàlẹ̀ sínú ọkọ̀. Síbẹ̀, lóṣooṣù ni mo ń tú kábúrétọ̀ fọ̀.

Ohun tó kù, iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni, kò sì gba owó púpọ̀. Àlẹ̀mọ́ afẹ́fẹ́ tiwa, abọ́ tó ní ọ́ìlì nísàlẹ̀ ni, eruku ọyẹ́ máa ń rì sínú rẹ̀. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo bu ọ́ìlì mìíràn sí i, ó parí. Gbogbo ẹnu gírísì abẹ́ ọkọ̀, mi ò jẹ́ kí oṣù kan kọjá lórí wọn. Fáfù sì wà. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá, láàárọ̀ kùtù: 0,10 mìlímítà fún èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, 0,25 fún èyí tó ń tú èéfín jáde. Bó bá fún jù, fáfù á jóná. Bó bá fẹ̀ jù, ariwo rẹ̀ á jí imọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn òjò, mo máa ń fi ọ́ìlì tí mo fà jáde láti inú ẹ́ńjìnnì pa abẹ́ ọkọ̀ kó má baà dógùn-ún. Ó ń rùn díẹ̀, ṣùgbọ́n egungun ọkọ̀ náà ṣì le.

Ara rẹ̀ ńkọ́? Mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ilẹ̀kùn ọ̀tún ní àmì ìlà tí bàbá mi fi ìṣó ha síbẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan fún ọgọ́rùn-ún iṣu, nítorí kò kàwé. Bí a bá ha ọ̀dà yẹn, a ti ha ìwé bàbá mi nìyẹn.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí kì í ṣe ọmọ onírin àlòkù. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni. Níbẹ̀, irin kan tí wọ́n gbẹ́ bíi skúrù ló ń yí kẹ̀kẹ́ idẹ eléyín kan, kẹ̀kẹ́ idẹ yẹn ló sì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Nígbà àtijọ́, ọ́ìlì tó ní òróró lárà nínú ni wọ́n ń bù sí i. Púpọ̀ nínú ọ́ìlì tí wọ́n ń tà fún ẹ̀yìn ọkọ̀ lónìí ní èròjà imí-ọjọ́, ó sì máa ń jẹ idẹ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún tí mo lọ ṣiṣẹ́ ní ibòmíràn, ẹnì kan bu ọ́ìlì yẹn sí i láìmọ̀. Ní báyìí, bí mo bá gun òkè, mo ń gbọ́ ohùn kan bíi ti oyin nínú agolo.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Patron. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó gbé etí lé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ní kí n rọra wà á síwájú, ó ń rìn tẹ̀ lé e. Ó ní, “Ọmọ mi, eyín rẹ̀ ti ń tán. Ó lè rìn ọdún kan sí i bí o kò bá di ẹrù lé e.” Mo bi í léèrè àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ó ní Toyota ni wọ́n ń ṣe báyìí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, òun kò sì bá wọn jà. Láti ọjọ́ yẹn, lọ́jọ́ Ọjọ́rú tí a kì í bá wà ní kíláàsì ní ọ̀sán, mo máa ń mú kàyé lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń sọ, mo ń kọ, orúkọ méjèèjì, tiwa àti ti Nàìjíríà. Kàyé náà ti di méjì.

Ní Sátidé tó ń bọ̀ a ó tú ẹ̀yìn ọkọ̀ náà wò, Patron yóò jókòó lórí àga, èmi ni màá wà nísàlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ gáràjì àtijọ́ kan, ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn, ní Ìbàdàn tàbí ní Parakou, tí 404 tó ti kú wà nínú koríko ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn rẹ̀. N kò wá tuntun. Kí eyín idẹ rẹ̀ ṣáà pé.