Ẹ̀rọ Lẹ́nu Iṣẹ́ àti Nídìí Fàájì ní Lẹ́kkí Phase 1

Lẹ́kkí Phase 1 jẹ́ àdúgbò kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀tí-Ọ̀sà, ní ìpínlẹ̀ Èkó, Èkó Àkéte ilẹ̀ ọgbọ́n, Arómi-sá-lẹ̀gbẹ-lẹ̀gbẹ. Ọ̀sà ni ó fi ṣe ààlà ní àríwá, òkun Àtìláńtíìkì kò sì jìnnà sí i ní gúúsù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ará Èkó òde òní ti ń fi ẹ̀rọ jẹun, tí ó ń fi í sinmi, tí ó ń fi í náwó, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́, kí ó wá síbẹ̀, nítorí pé ohun tí ó fọ́n ká sí àwọn àdúgbò mìíràn ni ó pé jọ sójú kan níbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ṣọ̀wọ́n ní Súrùlérè tàbí ní Ìkòròdú. Ohun tí ó mú ti Lẹ́kkí yàtọ̀ ni pé ẹni tí ń rán ẹ̀rọ níṣẹ́ àti ẹni tí ẹ̀rọ ń rán níṣẹ́ jọ ń gba ojú pópó kan náà kọjá láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tí fàájì ẹni kìn-ín-ní sì jẹ́ iṣẹ́ oòjọ́ ẹni kejì.

Kí òǹkàwé má ṣe ka àdúgbò yìí sí ìlú Lẹ́kkí àtijọ́, tí ó wà lọ́nà jíjìn ní ìlà-oòrùn, ní Ìbèjú-Lẹ́kkí, níbi tí ìjọba fi Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní 1962 nígbà rúkèrúdò Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ àdádó tí ìròyìn kì í tètè wọ̀, tí kì í sì í tètè ti ibẹ̀ jáde. Phase 1 ní tirẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ irà tí a fi iyanrìn dí. Ìtòsí ibẹ̀, àti lára ilẹ̀ ibẹ̀ pàápàá, ni Màrókò wà, ibùgbé àwọn mẹ̀kúnnù tí ìjọba ológun Rájí Ràsákì wó palẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1990, tí nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn sì di aláìnílé lórí. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn-ún sọ, ṣùgbọ́n àyọkà tí ó bá fò ó kọjá, tí ó wá ń yin àdúgbò náà fún ìgbàlódé rẹ̀, ti fi apá kan òtítọ́ pamọ́.

Orísun gbogbo ohun tí à ń wí yìí wà ní ìsàlẹ̀ òkun. Okùn tín-ín-rín tí a fi gíláàsì ṣe, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ sáré, ni ó ń gbé ọ̀rọ̀, àwòrán àti owó láti ilẹ̀ Yúróòpù wá sí etíkun Èkó. Fún ìgbà pípẹ́, SAT-3, tí ó wà lọ́wọ́ NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, níhìn-ín, ni a gbójú lé, owó rẹ̀ sì ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ní 2010 ni MainOne gúnlẹ̀, okùn tí gígùn rẹ̀ tó 7,000 kìlómítà láti ilẹ̀ Pọtogí, èyí tí Fúnkẹ́ Opeke, ọmọ Ilé-Olúji, akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní Ifẹ̀, kó owó jọ láti fà wá lẹ́yìn tí ó ti Amẹ́ríkà darí wálé. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló kọ́ ilé ńlá tí àwọn kọ̀ǹpútà ń gbé sí agbègbè Lẹ́kkí, ilé tí afẹ́fẹ́ tútù kò gbọdọ̀ kúrò nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ní 2022, Equinix ti Amẹ́ríkà ra gbogbo rẹ̀ ní mílíọ̀nù 320 dọ́là. Equiano ti Google gúnlẹ̀ ní ọdún kan náà, 2Africa sì tẹ̀ lé e ní 2024. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Síbẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí okùn mẹ́rin, SAT-3, WACS, ACE àti MainOne, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, báńkì kò lè sanwó bó ti yẹ, òṣìṣẹ́ kò rí ọ̀gá rẹ̀ tí ó wà lókè òkun bá sọ̀rọ̀, gbogbo ènìyàn sì wá mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń pè ní afẹ́fẹ́ ní ìdí tí ó lè já bí okùn ìso ewúrẹ́.

Kí fóònù alágbèéká tó dé ní 2001, nígbà tí MTN àti Econet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orí ìjókòó ọlọ́lá ni tẹlifóònù wà, ẹni tí kò bá ní wáyà NITEL nílé kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó rán ọmọ níṣẹ́ lọ. Lónìí, fóònù kan ṣoṣo ni ọkọ́ lówùúrọ̀, òun kan náà ni ọpọ́n ayò nírọ̀lẹ́, ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ kò sì sábà mọ ìgbà tí ó kúrò nínú oko bọ́ sí ìdí ayò. Ọ̀pọ̀ ilé ìgbé tí wọ́n kọ́ fún ọkọ, aya àti ọmọ ní ẹ̀gbẹ́ Admiralty Way ti di ọ́fíìsì: yàrá ìgbàlejò di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́wàá ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, ilé ìdáná di ibi tí wọ́n ń gba núdùsù. Flutterwave, ilé-iṣẹ́ ìsanwó orí ẹ̀rọ tí Iyinolúwa Abóyèjí àti Olúgbénga Agbóọlá wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní 2016, fi Phase 1 ṣe ibùjókòó rẹ̀ ní Èkó, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kéékèèké. Ìgbà tí Stripe ra Paystack, iṣẹ́ ọwọ́ Ṣọlá Akínlàdé àti Ezra Olúbí, ní oṣù Kẹwàá 2020 ní iye tí ó ju 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ, ni àwọn òbí tí ń bá ọmọ wọn jà pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ tó rọlẹ̀.

Ọdún 2020 kan náà ni àrùn Kòrónà sé ènìyàn mọ́lé ní Èkó láti òpin oṣù Kẹta, tí ìpàdé sì kó sínú Zoom. Ìgbélé ṣiṣẹ́ kò tán nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ẹni tí ń gbé Àjáh, tí ó ń fi wákàtí méjì jókòó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ láti dé Phase 1, rí i pé ọ̀gá òun kò mọ ìyàtọ̀ bí òun bá sọ̀rọ̀ láti orí àga ilé. Ṣùgbọ́n ìṣòro tuntun ni iná. Ẹ̀ka Èkó ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ìjọba, tí a tà fún aládàáni ní 2013, ni ó ń pín in fún àdúgbò náà, bí ẹnu tilẹ̀ ti mọ́ NEPA lára. Mítà ni a ń fi owó sí, tókìn oní-nọ́ńbà ogún ni a ń tẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń tẹ̀ ẹ́ nínú òkùnkùn ni nọ́ńbà kejìdínlógún ń ṣì lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹrin 2024, iye iná fún àwọn tí wọ́n pè ní Band A, tí ó yẹ kí wọ́n rí iná fún ogún wákàtí lóòjọ́, fò dé náírà 225 fún ìwọ̀n kan. Ẹni tí ó ní agbára fi sólà àti ínfátà sórí òrùlé. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń han bí ẹranko lẹ́yìn odi àwọn tó kù.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé òun ni ó yára yí padà jùlọ. Báńkì Àpapọ̀ fi Èkó ṣe ibi ìdánwò ìná-owó-láìfọwọ́kàn-án ní 2012. Ọdún mẹ́wàá kọjá, àwọn ènìyàn ṣì ń ka owó bébà. Nígbà tí ó wá di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí owó náírà tuntun kò tó, tí àtijọ́ kò sì ṣe é ná mọ́, ohun tí àlàyé kò lè ṣe ni ìyà ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyá tí ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá Freedom Way kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sára pákó, ó fi èédú kọ ọ́, ó sì kọ́ láti dúró títí fóònù rẹ̀ yóò fi dún kí ó tó gbé bébà bọ̀ọ̀lì léni lọ́wọ́. Òun kò gba ‘mo ti fi ránṣẹ́’ gbọ́, nítorí pé àlẹ́ẹ̀tì èké wà, ọgbọ́n àwọn gbájúẹ̀ sì ń bá ti ẹ̀rọ rìn ní ìgbésẹ̀ kan náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìsanwó bíi OPay àti Moniepoint gba ẹnu ọ̀nà gbogbo. Obìnrin tí ó jókòó sábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú ẹ̀rọ POS ti gba ipò tí ilé báńkì wà tẹ́lẹ̀, tirẹ̀ sì yá ju ti báńkì lọ.

Ní ti ìrìnnà, afárá tí ó so Lẹ́kkí mọ́ Ìkòyí, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 1.36 kìlómítà, tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ṣí ní oṣù Karùn-ún 2013, ni ojú ọ̀nà tí a mọ àdúgbò náà mọ́. Uber dé Èkó ní 2014, Taxify tí a ń pè ní Bolt báyìí sì tẹ̀ lé e ní 2016. Láti 2019, ohùn tí ń tọ́ni sọ́nà nínú Google ti lè sọ̀rọ̀ bí ọmọ Nàìjíríà, iṣẹ́ kan tí Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè, kópa pàtàkì nínú rẹ̀, kí orúkọ òpópónà má baà máa dún bí ẹni pé òyìnbó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ní ẹnu géètì, àlejò gbọ́dọ̀ ka kóòdù tí onílé fi ránṣẹ́ sí i; máígádì kò wo ojú mọ́, nọ́ńbà ni ó ń wò, bí ẹni náà tilẹ̀ ti ń wọlé fún ọdún mẹ́ta.

Òfin ni ó bí àwọn ọlọ́kadà a-gbé-ẹrù tí wọ́n kún àdúgbò náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lé ọ̀kadà tí ń gbé èrò kúrò ní Ẹ̀tí-Ọ̀sà àti àwọn ibòmíràn ní oṣù Kejì 2020, ó sì tún òfin náà mú le ní oṣù Kẹfà 2022. Gokada àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń fi fóònù pe ọlọ́kadà fún èrò kọ́kọ́ gba ìyà rẹ̀, lẹ́yìn náà Gokada yí sí ẹrù gbígbé. Glovo àti Chowdeck, tí ń gbé oúnjẹ kiri, dé ní 2021. Jumia Food, tí ó ti wà kí wọ́n tó dé, kógbá sílé ní òpin 2023. Bí iṣẹ́ wọn ti rí nìyí: ẹni tí ó wà lórí àga lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta yan ìrẹsì àti dòdò lójú fóònù, fóònù ilé oúnjẹ dún, fóònù ọlọ́kadà tí ó dúró sábẹ́ igi dún, kò sì ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ tí ó ní láti gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́, máàpù fi ọ̀nà hàn án, ní ẹnu ilẹ̀kùn ó gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ lẹ́nu oníbàárà, wọ́n sì fún un ní ìràwọ̀. Bí ìràwọ̀ bá dínkù, iṣẹ́ dínkù. A rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rán ọlọ́kadà yìí níṣẹ́ kò lójú tí a lè wò kí a tó mọ bí a ó ti jẹ́ ẹ. Nígbà òjò, tí omi bo ọ̀pọ̀ òpópónà Phase 1 dé orúnkún, ni àwọn tí ń pe oúnjẹ pọ̀ jù, ìgbà yẹn náà sì ni ó ṣòro jù láti gbé e.

Fàájì fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàpèjúwe. Filmhouse ṣí síníémà IMAX àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí Lẹ́kkí ní 2016, ọdún tí Netflix náà dé. Ọmọ ilé gbé àwọn aláwàdà bíi Mr Macaroni àti Taaooma sórí fóònù, awakọ̀ tí ń retí ọ̀gá rẹ̀ sì ń wo àwọn kan náà lábẹ́ igi, pẹ̀lú dátà tí ó ń ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ epo pupa. Kálòkálò orí fóònù ni ó pọ̀ jù láàárín àwọn awakọ̀ àti máígádì ní òpin ọ̀sẹ̀, n kò sì rí ẹni tí ó ti fi í kọ́lé. Fóònù tí a fi ń ṣeré yìí náà ló di ẹlẹ́rìí ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2020, nígbà tí DJ Switch gbé bí ológun ti ń yìnbọn sí àwọn tí ń fẹ̀hónú hàn ní ẹnu ibodè owó Lẹ́kkí sórí Instagram bí ó ti ń ṣẹlẹ̀, tí gbogbo ayé sì ń wò. Ní oṣù Kẹfà ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba àpapọ̀ ti ilẹ̀kùn Twitter pa títí di oṣù Kìíní 2022. Ọmọdé àti àgbà kọ́ ohun tí VPN jẹ́ láàárín ọjọ́ méjì.

Èdè Yorùbá ń rí ibi dúró sí nínú gbogbo èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rọrùn láti fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ lójú fóònù. Nítorí náà ni ohùn fi borí lẹ́tà. Lórí WhatsApp ìdílé, ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde a tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀, a ki ọmọ ọmọ rẹ̀ ní oríkì ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì gbáko, àwọn ọmọ ìdílé ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston a sì ṣe àmín. Àwọn ọlọ́kadà a-gbé-ẹrù náà ní ẹgbẹ́ tiwọn níbẹ̀, tí wọ́n fi ohùn ń dá sí nítorí pé ìbọ̀wọ́ kò jẹ́ kí ìka tẹ nǹkan. Ní Yorùbá, Haúsá àti pijin, wọ́n ń sọ fún ara wọn òpópónà tí omi ti bò, oríta tí ọlọ́pàá dúró sí, àti oníbàárà tí kì í gbé fóònù rẹ̀ bí oúnjẹ bá ti dé ẹnu ọ̀nà.