ERÉ APANILẸ́RÌN-ÍN NÍ ÌGBÒHO ÀTI NÍ Ọ̀YỌ́-ILÉ

Nígbà tí a bá ń ka eré apanilẹ́rìn-ín àwọn Òyìnbó pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ìbéèrè mẹ́ta ni a sábà máa ń bi wọ́n: Ta ni àwọn ẹ̀dá inú eré náà? Báwo ni ìtàn rẹ̀ ti lọ? Irú àṣà wo ni àwọn tí ó ni ín ń gbé nínú rẹ̀? Àwa tí a ń kọ́ni ní Òfìkì ti ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ọmọ a máa rò pé ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé irú eré bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ wa, àti pé àwọn baba wa kò mọ̀ ju ìlù àti ijó lọ. Èrò yìí kì í ṣe òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí a gbé ìbéèrè mẹ́ta náà síwájú ìtàn kan tí ó ti Òkè-Ògùn tiwa yìí wá, kí a sì wò ó bóyá a ó rí ìdáhùn.

Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí ẹ̀kọ́ àtijọ́ ń sọjí ní Yúróòpù, eré apanilẹ́rìn-ín gbilẹ̀ púpọ̀ ní ilẹ̀ Ítálì. Ní ọdún 1545, àwọn òṣèré kan tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ìlú Padua pé àwọn yóò máa ṣeré kiri, àwọn yóò sì máa pín èrè rẹ̀. Irú àwọn òṣèré bẹ́ẹ̀ kì í kọ́ ọ̀rọ̀ eré sórí láti inú ìwé. Ẹ̀dá inú eré ni wọ́n mọ̀ dunjú. Pantalone ni arúgbó oníṣòwò tí ó láhun. Dottore ni ọ̀mọ̀wé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ. Capitano ni jagunjagun tí ń fọ́nnu tí ó sì ń sá. Arlecchino sì ni ìránṣẹ́ alárèékérekè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa da nǹkan bojú, bí wọ́n bá sì ti yọ ni àwọn ènìyàn ti ń mọ̀ wọ́n.

Ní ọ̀rúndún kan náà, ààfin Ọ̀yọ́ kò sí ní Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn Tápà ti lé ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ní ìgbà Aláàfin Onígbogí, Ìgbòho ni wọ́n sì tẹ̀dó sí nígbẹ̀yìn. Aláàfin mẹ́rin ni a sin sí Ìgbòho. Abípa ni ó jẹ lẹ́yìn wọn, òun ni ó sì pinnu láti dá ìjọba padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ṣùgbọ́n Ìgbòho ti mọ́ àwọn ìjòyè lára, wọn kò sì fẹ́ lọ. Wọn kò lè ko ọba lójú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ọgbọ́n.

Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ọba rán ènìyàn lọ láti ṣètùtù sí ibi tí ìlú yóò wà. Àwọn ìjòyè sì rán ènìyàn mẹ́fà ṣáájú wọn ní ìkọ̀kọ̀. Baṣọ̀run rán abuké, Alápìíni rán àfín, Aṣípa rán adẹ́tẹ̀, Ṣamù rán ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síwájú, Lágùnnà rán aràrá, Akínikú sì rán arọ. Ní òru, àwọn mẹ́fà yìí tan iná, wọ́n ń ké bí iwin pé kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn ìránṣẹ́ ọba. Ṣùgbọ́n Ológbò, olórí àwọn arọ́kin, mọ ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì gba ọba nímọ̀ràn pé kí ó rán ọdẹ mẹ́fà lọ. Àwọn ọdẹ náà mú gbogbo iwin láàyè. Ọba kò pariwo. Ní ọjọ́ tí àwọn ìjòyè péjọ sí ààfin, ó ní kí a gbé ọtí fún wọn. Abuké ni ó gbé ti Baṣọ̀run wá, àfín gbé ti Alápìíni, bẹ́ẹ̀ ni iwin kọ̀ọ̀kan gbé ọtí síwájú olúwa rẹ̀. Ẹnu àwọn àgbà wọhò. Àtakò parí, a sì padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Nítorí èyí ni a ṣe ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, èyíinì ni ọba tí ó mú ọ̀rọ̀.

Joel Adedeji, ẹni tí ó parí ìwádìí rẹ̀ lórí eré alárìnjó ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1969, gbà pé láti ara àwọn iwin mẹ́fà yìí ni ẹ̀dá inú eré àwọn egúngún apidán ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ọmọ lè béèrè pé, "Ṣé abuké ni a wá ń fi rẹ́rìn-ín?" Ìbéèrè gidi ni. Àwọn ìjòyè ni ó rò pé ara tí kò pé tó ohun tí a lè fi dẹ́rù ba ènìyàn. Ní òpin ìtàn, kì í ṣe ẹni tí a rán ni ojú tì, bí kò ṣe ẹni tí ó rán an. Ibi tí ẹ̀rín bọ́ sí nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀kọ́ eré wà.

Ó ju igba ọdún lọ lẹ́yìn náà kí Òyìnbó kan tó wá wo irú eré yìí. Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé, tí òun ń pè ní Katunga, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826, nígbà tí Májòtú wà lórí oyè. Ní oṣù kejì, a ṣeré fún un ní gbàgede iwájú ààfin. Ìpele mẹ́ta ni eré náà. Ní àkọ́kọ́, àwọn tí ó wà nínú agọ̀ bí àpò jó, wọ́n sì tàkìtì. Ní ìkejì, òjòlá yọ jáde láti inú agọ̀, a sì fi idà dojú kọ ọ́. Ní ìkẹta, agọ̀ ń bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára ẹnì kan, orí funfun sì hàn. Ariwo àwọn ènìyàn gba gbogbo ibẹ̀ kan. Òyìnbó ni! Ó rù, òtútù ń mú un, ó ń fa aáṣáà símú, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ ilẹ̀ lásán rí. Láàárín ìpele kan sí èkejì, àwọn ayaba ń kọrin, àwọn èrò sì ń gbè é. Gbogbo wọn ń rọ àlejò náà pé kí ó wò ó dáadáa. Clapperton ṣe bí ẹni pé inú òun dùn bí tiwọn, ó sì jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé òṣèré náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó wá wo ìlú ni ìlú ti wò tán.

Clapperton kú ní Sókótó ní ọdún 1827. Richard Lander, ìránṣẹ́ rẹ̀, ni ó gbé ìwé ìrìn-àjò náà padà sílé, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1829. Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ di ahoro ní nǹkan bí ọdún 1836. Ààfin wó, gbàgede hu koríko, ṣùgbọ́n eré kò kú, nítorí àwọn òṣèré ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú. Alárìnjó, orúkọ tí a kọ́kọ́ fi ń bú wọn, ni ó wá di orúkọ iṣẹ́ wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ìbéèrè mẹ́ta náà ti rí ìdáhùn. A kò sọ pé kí ọmọ má ka eré òkèèrè. Kí ó kà á, kí ó sì kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe pé àlejò kan kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, a kì bá tí mọ̀ nípa eré ọjọ́ náà. Òkè-Ògùn ṣì ní àwọn àgbà tí ó mọ ohun tí a kò ì kọ. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé àti kálámù, kí ó kúnlẹ̀ níwájú wọn, kí ó sì béèrè. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ.