Géèmù ìlù lórí kọ̀ǹpútà: Kí ló ń fà á tí ohùn fi ń pẹ́ lẹ́yìn ọwọ́?

Ní Anoumabo, àdúgbò kan ní Marcory nílùú Abidjan, kò ṣòro láti mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ìlù mu. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin Magic System ti wá, ibẹ̀ náà sì ni àjọ̀dún orin FEMUA ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008. Àwọn Yorùbá tó ń gbé Abidjan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mọ agbègbè náà dáadáa, torí Marcory ló múlé ti Treichville.

Orin tó gbòde níbẹ̀ láti nǹkan bíi ogún ọdún sẹ́yìn ni coupé-décalé, tí Douk Saga àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé jáde láti Paris. Nínú èdè ìgboro Abidjan, "couper" ni kéèyàn lu ẹnìkan ní jìbìtì, "décaler" sì ni kó fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Faransé mìíràn tó bá a tan, "décalage", ni wọ́n máa ń lò nígbà tí ohùn àti àwòrán kò bá rìn pọ̀ mọ́. Òun gan-an ni ẹ̀dùn ọkàn àwọn tó ń gbá géèmù ìlù lórí kọ̀ǹpútà.

Nínú géèmù ìlù, orin á máa lọ, àmì á máa bọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń gbá a á sì tẹ bọ́tìnnì ní ìṣẹ́jú àáyá tí ìlù bá dún gan-an. Kò sí ìbọn, kò sí bọ́ọ̀lù. Àkókò nìkan ni ìdíje. Bí ohùn bá pẹ́ díẹ̀, ọmọ tó ń jó dáadáa lóde á délé, kọ̀ǹpútà á sì máa sọ fún un pé kò mọ ìlù. Ọ̀pọ̀ ló ti gbà á gbọ́.

Tilé ni, kì í ṣe tòde

Íntánẹ́ẹ̀tì ni èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ìyẹn kò yani lẹ́nu, torí ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà láti Abidjan pẹ̀lú ẹni tó wà ní Paris mọ ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè fojú ẹni rí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ géèmù ìlù, orin náà ti wà nínú kọ̀ǹpútà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Èèyàn lè pa íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, kí ìṣòro náà má sì yí padà rárá.

Mìlísẹ́kọ́ǹdù ni wọ́n fi ń wọn ìdádúró yìí: tí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni. Ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹni tó dúró sí mítà 34 sí sípíkà lóde àríyá ń fi nǹkan bíi 100 mìlísẹ́kọ́ǹdù pẹ́ gbọ́ ìlù. Kò sì ní mọ̀, torí ohun tó dé etí rẹ̀ ló ń jó sí.

Ẹni tó ń gbá géèmù kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Aago inú kọ̀ǹpútà ló ń ṣe adájọ́ rẹ̀. Nínú osu!, géèmù ìlù tí Dean Herbert, ọmọ Australia, gbé jáde lọ́dún 2007, ẹni tó bá ń gbá ìpele tó le gan-an kò gbọ́dọ̀ fi ju nǹkan bíi 20 mìlísẹ́kọ́ǹdù yá tàbí pẹ́ kó tó gba máàkì kíkún.

Nígbà tí ohun gbogbo wà nínú àpótí kan

Ìlú Japan ni irú eré yìí ti gbilẹ̀. PaRappa the Rapper, tí Masaya Matsuura ṣe fún PlayStation, jáde lọ́dún 1996. Ilé iṣẹ́ Konami gbé Beatmania jáde lọ́dún 1997, ó sì fi Dance Dance Revolution tẹ̀lé e lọ́dún 1998. Beatmania àti Dance Dance Revolution wà nínú àpótí ńlá tí wọ́n ń gbé sí ilé géèmù. Ẹni tó ṣe àpótí náà ló yan sípíkà rẹ̀, ló yan bọ́tìnnì rẹ̀, ló sì yan amóhùnmáwòrán rẹ̀. Amóhùnmáwòrán àtijọ́, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń yọ gbọ̀ngbọ̀n, ń ya àwòrán bó ṣe ń wọlé sí i, kì í dá a dúró láti tún un ṣe kó tó fi hàn.

Kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ló ṣe kíbọ́ọ̀dù, òmíràn ló ṣe ojú rẹ̀, òmíràn ló ṣe ẹ̀rọ ohùn, Microsoft ló sì kọ Windows tó ń darí gbogbo wọn. Nígbà Windows 2000 àti Windows XP, ohùn ọ̀pọ̀ ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà máa ń gba ọwọ́ apá kan tó ń jẹ́ KMixer kọjá, kó lè pa wọ́n pọ̀. Òun nìkan máa ń fi nǹkan bíi 30 mìlísẹ́kọ́ǹdù kún un.

Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é kò mọṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni kí ohùn má já. Ilé tí omi ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń ṣe ségesège máa ń ní àgbá omi, kí omi má baà tán lójijì. Kọ̀ǹpútà náà ní àgbá ohùn tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní bọ́fà. Bí àgbá bá tóbi, omi kò ní tán, ṣùgbọ́n omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á pẹ́ kó tó dé ẹnu ẹni. Tí kọ̀ǹpútà bá gé ohùn sí ọ̀nà 48,000 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, bọ́fà tó gba 512 jẹ́ ìdádúró nǹkan bíi 11 mìlísẹ́kọ́ǹdù. Èyí tó gba 2,048 ti lé ní 42. Fún ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn, kò já mọ́ nǹkan kan. Fún onílù, ó ti bàjẹ́.

Àwọn olórin ló kọ́kọ́ pariwo. Lọ́dún 1997, ilé iṣẹ́ Steinberg ní Jámánì gbé ASIO jáde, ọ̀nà tó jẹ́ kí ètò orin yẹ Windows sílẹ̀ kó sì bá ẹ̀rọ ohùn sọ̀rọ̀ tààrà. Ọdún 2007 ni Windows Vista tó mú WASAPI dé, tó jẹ́ kí ètò kan lè gba ẹ̀rọ ohùn fún ara rẹ̀ nìkan. Windows 10 tún dín ìdádúró náà kù lọ́dún 2015.

Orin ti wà nílẹ̀, ọwọ́ kò tíì dé

Guitar Hero jáde lọ́dún 2005, ó sì bọ́ sí àkókò tí àwọn èèyàn ń gbé amóhùnmáwòrán àtijọ́ jù nù, tí wọ́n ń ra èyí tó pẹlẹbẹ. Amóhùnmáwòrán tuntun lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó máa ń dá àwòrán dúró kó lè tún un ṣe. Ilé iṣẹ́ Harmonix, tó ṣe géèmù náà, wá ọgbọ́n sí i: kí ẹni tó ń gbá géèmù kọ́kọ́ jẹ́ kí géèmù mọ bí ìdádúró náà ṣe pọ̀ tó. Nígbà tó fi máa di Rock Band 2 lọ́dún 2008, wọ́n ti fi ohun tó ń rí ìmọ́lẹ̀ àti ohun tó ń gbọ́ ohùn sínú gìtá eré náà, kó lè fúnra rẹ̀ wọn ìdádúró amóhùnmáwòrán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀ nìyí. Ọgbọ́n yẹn kò mú ìdádúró kúrò, ó kàn sún adájọ́ sẹ́yìn ni. Ó ń ṣiṣẹ́ fún orin, torí géèmù ti mọ gbogbo orin náà látòkèdélẹ̀, ó sì lè tètè rán an jáde. Ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà tó mọ ìgbà tí ọwọ́ máa tẹ bọ́tìnnì. Ohùn tó yẹ kí bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ mú jáde gbọ́dọ̀ dúró de ọwọ́, kó tó wọ inú àgbá. Ìdí nìyí tí ẹni tó ti tún géèmù rẹ̀ tò dáadáa tún lè máa gbọ́ "kó" lẹ́yìn tó ti gbọ́wọ́ kúrò.

Rocksmith fi èyí hàn kedere nígbà tó dé orí kọ̀ǹpútà lọ́dún 2012. Gìtá gidi ni wọ́n ń so mọ́ ọn, gbogbo ohùn gìtá náà ló sì ń ti ọwọ́ wá. Sísún adájọ́ sẹ́yìn kò lè ran ìyẹn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, àwọn tó fẹ́ràn géèmù náà fúnra wọn kọ ètò tó so ó pọ̀ mọ́ ASIO.

Sans Fil

Àdúgbò kan wà ní Marcory tí wọ́n ń pè ní Sans Fil, ìyẹn "láìsí wáyà". Orúkọ náà bá ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láàmú lónìí mu. Ẹ́ẹ̀píìsì Bluetooth gbọ́dọ̀ di ohùn, kó fi ránṣẹ́, kó tú u, kó sì tọ́jú díẹ̀ pamọ́ kó má baà já. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń pẹ́ ju 100 mìlísẹ́kọ́ǹdù lọ. Lẹ́yìn gbogbo làálàá tí Steinberg àti Microsoft ṣe láti fi gé 20 tàbí 30 kúrò, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí ti dá gbogbo rẹ̀ padà pẹ̀lú èlé.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wá ìdí ìṣòro rẹ̀ á kọ́kọ́ lo ẹ́ẹ̀píìsì oníwáyà. Lẹ́yìn náà, kó pa ojú dé, kó máa tẹ bọ́tìnnì tẹ̀lé ìlù nìkan. Tí géèmù bá ń sọ nígbà gbogbo pé ó pẹ́, tàbí pé ó yá, ní iye kan náà, ọwọ́ rẹ̀ mọ́: ètò ìdádúró inú géèmù ló fẹ́ àtúntò. Tí máàkì bá wà létòlétò ṣùgbọ́n tí ohùn bọ́tìnnì ń pẹ́, bọ́fà ni. Tí ó bá ń yá lónìí tó sì ń pẹ́ lọ́la, ó ṣeé ṣe kí ètò mìíràn máa jẹ agbára kọ̀ǹpútà náà lábẹ́lẹ̀, tàbí kó jẹ́ ọwọ́ lóòótọ́.

Kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ tún wà níbẹ̀. Èyí tí kọ̀ǹpútà ń bi léèrè ní ìgbà 125 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan lè fi mìlísẹ́kọ́ǹdù 8 pẹ́. Èyí tó ń dáhùn ní ìgbà 1,000 kì í ju 1 lọ.

Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà lu ìlù coupé-décalé nínú yàrá wọn ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́, torí ìṣòro kan náà ni. Wọ́n á ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ohùn, wọ́n á sọ bọ́fà di 512, lẹ́yìn náà 256, lẹ́yìn náà 128, títí ohùn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í já wẹ́wẹ́. Wọ́n á wá padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan, wọ́n á sì tún ìlù bẹ̀rẹ̀.