Ìṣirò Widmark àti Ife Ògógóró: Láti Lund dé Ọ̀nà Márosẹ̀ Arepo

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni ìtàn ìṣirò tí a fi ń mọ bí ọtí ṣe ń kúrò nínú ara, àti ìdí tí ó fi ń kọsẹ̀ bí ó bá kan ògógóró.

E. M. P. Widmark, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Lund ní Swídìn, ni ó fìdí ìṣirò yìí múlẹ̀. Ní 1922, ó gbé ọ̀nà tí a fi lè wọn ọtí inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde. Ní 1932, ó tẹ ìwé rẹ̀ ní èdè Jámánì. Ó ṣàkíyèsí pé iye kan náà ni ẹ̀dọ̀ ń mú kúrò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe púpọ̀ ni ènìyàn mu: ó tó 0.15 gíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. (Bí ọtí bá kù díẹ̀ gan-an, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, Lundquist àti Wolthers ṣàlàyé èyí ní 1958.)

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin tí ó wọn 70 kílò. Òfin ìrìnnà Nàìjíríà kò gbà kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ ju 0.5 gíráàmù nínú lítà kan lọ. Nínú ìṣirò Widmark, èyí jẹ́ gíráàmù 24 ògidì ọtí, tí í ṣe ti ìgò bíà 60 cl kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100. Yóò gba ẹ̀dọ̀ ní wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú.

A kọ agbára bíà sára ìgò rẹ̀. Ti ògógóró ńkọ́? Ìjọba amúnisìn ka pípọn rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìkọ̀kọ̀ ni a ti ń pọn ọ́n, kò sì sí ẹni tí ń wọn agbára rẹ̀. Ó lè jẹ́ 30, ó lè jẹ́ 60 nínú 100. Ife 10 cl kan lè jẹ́ gíráàmù 24 tàbí 47: wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀, tàbí mẹ́fà àti ààbọ̀. Awakọ̀ tí ó mu paraga ní gáréèjì kí ó tó gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1978, tí ó sì gba ẹ̀bá Arepo kọjá, kò lè mọ èwo ni tirẹ̀. Ẹmu náà ńkọ́? Agbára ti òwúrọ̀ kọ́ ni ti ìrọ̀lẹ́.

Àwọn kan ń ṣàríwísí pé ara àwọn ará Swídìn ni Widmark fi ṣe ìwádìí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàrin ara ènìyàn kan sí èkejì wà níbi gbogbo. Lójú tiwa, ìyàtọ̀ inú ife ni ó le jù. Nítorí náà, fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí a dá sílẹ̀ ní 1988, ẹ̀rọ tí ń wọn ọtí inú èémí ni ó yẹ ojú ọ̀nà wa, kì í ṣe bíbi awakọ̀ léèrè iye ife tí ó mu.